Ìgbòkun Tí Mo Rán fún Àbúrò Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí àbúrò ọkọ mi ti orí òkun dé, ọkọ̀ ló fi ọkọ̀ gbé. Kamiyọ́n tí ó máa ń kó gẹdú tíìkì lọ sí Lomé ló ń gun òkè àdúgbò wa bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ Atakpamé. Àwọn ọkùnrin méjì dúró lórí ẹrù náà, wọ́n ń fi ọ̀pá ti wáyà iná sókè kí ó má baà kọ́ ọ. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo mú ṣòkòtò kakí ọmọ iléèwé kan dání, mo ń wò wọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ń bọ̀.

Opó ni mí nígbà náà, opó náà ni mo ṣì jẹ́. Tíṣà ni ọkọ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ó ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí sì ń ṣiṣẹ́ ní Lomé. Nínú agboolé bàbá ọkọ mi, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, nìkan ni a kù. Ìyá Àgbà ní ojúlé tirẹ̀, èmi ní tèmi, àgbàlá gbígbòòrò kan tí ewé máńgòrò máa ń kún ló sì wà láàárín wa. Bí mo bá se ọbẹ̀, bíi ti ènìyàn méjì ni mo máa ń se é, nítorí ọwọ́ mi kò tíì kọ́ bí a ti ń se ti ẹnì kan.

Àbúrò ọkọ mi yìí ti kúrò nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Àwọn ọkọ̀ òkun ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju fọ́tò kan lọ, àti ohùn tí mo gbọ́ lórí tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mejì. Ìkejì ni ìgbà tí ọkọ mi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ìyàwó ni. Nítorí náà, nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kamiyọ́n, mo kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀."

"Ìyàwó, o kú ìrọ́jú," ni ó wí. "Dìde, ilẹ̀ gbóná."

Ó yí ẹ̀yìn padà sí mi láti máa darí àwọn ọkùnrin tó fẹ́ sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mo wá rí. Ẹ̀yìn ọrùn ọkọ mi ni, pẹ̀lú ìlà tó dábùú rẹ̀ níbi tí kọ́là máa ń gbà. Mo padà sínú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti máṣíìnì, n kò sì lè rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé ọkọ̀ ọ̀hún kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi igi tíìkì mẹ́jọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, nítorí kò lè dá dúró lórí ilẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbá yàrá kan, mo sì ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn ibẹ̀. Nígbà tí mo gbé omi gbígbóná lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibùsùn náà wà bí mo ti tẹ́ ẹ. Láti òkè ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó yọ orí láti inú ọkọ̀, ó ń kí mi. Inú rẹ̀ ló sùn. Inú rẹ̀ náà ló sì ń sùn títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ará àdúgbò wá wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Ó ní tọkọtaya òyìnbó àgbàlagbà kan ló ni ọkọ̀ náà, pé òun bá wọn wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti erékùṣù dé erékùṣù. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kú. Nígbà tí ọkọ náà ń kú lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ọkọ̀ jẹ́ ti òun. Igi ni wọ́n fi kàn án, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kàn án, kí wọ́n tó bí òun alára. Òun nìkan kò lè máa bá òkun jà mọ́, òun kò sì fẹ́ kí ó jẹrà sí èbúté Lomé.

"Ṣé ẹ kò bá tà á?" ni mo bi í.

"Mo ti fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ láyé mi, ìyàwó. Èyí tí mo bá tún fi sílẹ̀ báyìí, n kò ní í rí i mọ́."

Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún un. Bí iyán bá jinná, màá pè é, á na ọwọ́ sísàlẹ̀, màá na ọwọ́ sókè, abọ́ á kọjá láàárín wa. A kì í sọ̀rọ̀ ju "o ṣé" àti "ẹ jẹun re" lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àpò ńlá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó tú u sílẹ̀. Aṣọ tó wà nínú rẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀, ó sì tú jáde dé òpópónà.

"Ìgbòkun rẹ̀ nìyí," ni ó wí. "Eku ti jẹ ẹ́, ó sì ti ń ya. Wọ́n sọ fún mi pé o mọ abẹ́rẹ́ í lò."

Mo kúnlẹ̀ tì í. Aṣọ líle ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì, ìpẹtà irin ti kó sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún. Mo fa ojú ìrán kan láti mọ bó ti lágbára tó. Òwú já lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Mo fa aṣọ fúnra rẹ̀. Kò tilẹ̀ mira.

"Òwú ló ti kú," ni mo sọ fún un. "Aṣọ kò kú."

Ìgbà náà ni ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó jókòó.

Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ ni mo ń rán kakí àwọn ọmọ iléèwé. Tí oúnjẹ ọ̀sán bá ti kọjá, ìgbòkun ló kàn. Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú ni pé aṣọ náà kò gbà láti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tẹ́ ẹ síhìn-ín, ó wú sókè lọ́hùn-ún. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló fà á, pé ó ti fà gùn. Mo fẹ́ máa gé e kí ó lè tọ́, àbúrò ọkọ mi pariwo.

"Má gé e! Ikùn rẹ̀ nìyẹn!"

Ó ṣàlàyé fún mi. Ìgbòkun tó bá tẹ́ bí pátákó kò lè fa ọkọ̀. Ẹni tó gé e mọ̀ọ́mọ̀ yí etí aṣọ kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí wọ́n tó rán an mọ́ra wọn, kí gbogbo rẹ̀ lè ní ikùn tí afẹ́fẹ́ máa gbé inú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Báyìí náà kọ́ ni mo ṣe ń ṣe àyà bùláòsì obìnrin láti ogójì ọdún? Bí a kò bá ṣẹ́ aṣọ lábẹ́ àyà, níbo ni ọmú máa wà? Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, láìronú. Ojú tì mí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kan ti rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Okùn kéékèèké kan wà lára ìgbòkun ńlá náà, wọ́n tò lọ ní ìlà mẹ́ta láti etí dé etí. Mo bi í bóyá ọ̀ṣọ́ ni. Ó ní rárá. Pé bí afẹ́fẹ́ bá ti ń le, wọn á sọ ìgbòkun kalẹ̀ dé ìlà àkọ́kọ́, wọn á fi okùn wọ̀nyẹn dì í mọ́ ìsàlẹ̀, ìgbòkun á sì kúrú. Bí ó bá tún le sí i, wọn á ká a dé ìlà kejì. Mo ronú nípa ìṣẹ́po tí mo máa ń fi sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò iléèwé. Èmi ń tú u fún ọmọ tó ń dàgbà. Òun ń dì í fún ìjì tó ń dàgbà.

Máṣíìnì mi kò lè gún igun ìgbòkun náà, nítorí wọ́n lẹ aṣọ lé ara wọn níbẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́fà, wọ́n sì de òrùka idẹ mọ́ ọn. Ọwọ́ ni mo fi rán ibẹ̀. Ó fún mi ní awọ kan tí wọ́n ń wọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tí irin rìbìtì kan wà láàárín rẹ̀ láti fi ti ìdí abẹ́rẹ́. Ó fi ìda pa òwú fún mi kí omi má baà jẹ ẹ́. Àwa méjèèjì jókòó ti ìgbòkun kan náà, òun ní igun kan, èmi ní igun kejì, òjò ń rọ̀ lórí páànù. N kò ní purọ́: inú mi máa ń dùn tí ọ̀sán bá ti pọ́n.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo fẹ́ mọ bí ọ̀kan nínú àwọn ìgbòkun kékeré ṣe gùn tó ní iwájú ọkọ̀. Ó ní kí n gòkè wá. Àkàbà ni mo gùn. Nígbà tí mo débẹ̀, ó kọ́ mi láti fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ wọ inú rẹ̀, bí ẹni ń wọ kànga.

Mo ti rò pé inú rẹ̀ á dà bí àpótí. Ilé ni mo bá níbẹ̀. Ibùsùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kọjú síra wọn, tábìlì kan wà láàárín, igi pẹlẹbẹ sì yí etí tábìlì náà ká kí abọ́ má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Aṣọ líle kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa ń fi okùn ta sókè, kí ẹni tó ń sùn má baà já bọ́. Sítóòfù rẹ̀ kò jókòó sórí nǹkan kan. Orí irin méjì ló kọ́ sí, ó ń mì. Ó ní bí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́, tó fì sápá kan, sítóòfù kì í bá a dẹ̀gbẹ́, ìkòkò kì í sì í dà. Fèrèsé rẹ̀ rí rìbìtì bí ojú, idẹ ni etí rẹ̀. Gbogbo ibi tí èèyàn lè ṣubú sí ni wọ́n kan igi ìdìmú sí, igi náà sì ti ń dán nítorí àwọn ọwọ́ tó ti dì í mú.

"Fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ níhìn-ín," ni ó wí. Ó ṣí pákó ilẹ̀ kan. "Igi kan ṣoṣo ló ti iwájú dé ẹ̀yìn, bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Òjé ni wọ́n dè mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó wúwo ju màlúù mẹ́rin lọ. Afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi kan omi. Òjé yìí á gbé e dìde."

"Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí náà ńkọ́?"

"Wọ́n yá ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ sílẹ̀ kí o lọ bu omi mu, wọn á ti kọjú síbòmíràn. Èyí á máa lọ tààrà bí ẹni tó mọ ilé."

Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn ibùsùn náà. Mo kíyè sí i pé níbi tí mo jókòó sí, mo lè na ọwọ́ kan sí sítóòfù, kí n na ìkejì sí omi, kí n sì fi ẹsẹ̀ ṣí àpótí aṣọ. Ohun gbogbo wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹnì kan. Mo ronú nípa ilé mi, níbi tí iyọ̀ wà ní yàrá kan, tí omi wà ní ìkejì, tí kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún pé, "Bá mi gbé e wá." Ọkàn mi ní ẹni tó kan ilé yìí mọ̀ pé ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ kò ní í ní ẹni tí yóò pè.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àgbà dúró ní ìdí àkàbà.

"Kí ni opó ń wá nínú ọkọ̀ ojú omi?" ni ó bi mí.

"Ìgbòkun ni mo ń wọ̀n, Ìyá Àgbà."

"Ìgbòkun." Ó wo ọwọ́ mi. Mo ti gbàgbé okùn ìwọnṣọ sínú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà n kò gòkè mọ́. Mo parí ìyókù iṣẹ́ náà lémi nìkan, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra. Oúnjẹ tí mo ń gbé fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e fún Ìyá Àgbà kí ó bá mi fún un. Àbúrò ọkọ mi kò béèrè ìdí. Ọyẹ́ sì dé. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ti máa ń rí ní òkè wa, tí ètè á máa ya, tí ilẹ̀kùn á máa dún. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Pákó rẹ̀ ń súnkì, mo lè rí ìmọ́lẹ̀ láàárín pákó àti pákó. Láràárọ̀ ni àbúrò ọkọ mi ń pọn omi sínú rẹ̀, tó ń da omi sí i lára bí ẹni ń wẹ ọmọ. Omi á wọlé, á sì ṣàn jáde sórí ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé òun máa gbé ọkọ̀ náà lọ sí Nangbéto, níbi tí wọ́n ti sé odò Mono tó fi di adágún. Tí òjò tó ń bọ̀ bá ti kún adágún náà, òun á lọ. Mo ń lọ ata ní ẹ̀yìn ilé, mo ń gbọ́ wọn.

"Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọ níbẹ̀?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ yìí, ṣé o fẹ́ ṣú u lópó ni?"

Mo dá ọwọ́ dúró lórí ọlọ.

"N kò tíì bi í," ni ó wí.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata náà, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo gbọ́.

Òjò tún yí dé, ó sì ń lọ sópin kí kamiyọ́n tó tún wá. Èmi náà bá wọn lọ, nítorí mo fẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń di ìgbòkun tí mo rán mọ́ ọkọ̀. Ìyá Àgbà ní òun náà ń bọ̀. Ó di gèlè, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí àárín èmi àti dẹ́rẹ́bà títí a fi dé etí omi.

Abúlé apẹja ni ibẹ̀. Adágún náà kún, ó tẹ́ lọ réré, àwọn igi tí omi bò nígbà tí wọ́n sé odò náà ṣì yọ orí níbi púpọ̀, wọ́n gbẹ, wọ́n funfun, ẹyẹ bà lé wọn. Wọ́n ti kamiyọ́n wọ inú omi, wọ́n tú okùn, ọkọ̀ náà léfòó. A pàtẹ́wọ́. A kò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Omi ń gba gbogbo àlàfo pákó wọlé. Àwọn apẹja ń sáré kiri pẹ̀lú igbá.

"Yéè! Ó ti rì!" ni Ìyá Àgbà kígbe.

Àbúrò ọkọ mi jókòó sórí òkúta kan, ó ń bó ọsàn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Omi ló ń mu. Ó ti pẹ́ tí òǹgbẹ ti ń gbẹ ẹ́."

Ìdí ọkọ̀ náà jókòó sórí ilẹ̀ ní ibi tí omi kò jìn, omi sì dé orí ibùsùn. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ilé ìyàwó apẹja kan ni èmi àti Ìyá Àgbà sùn sí. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn apẹja gbọ́n omi inú rẹ̀ jáde, omi mìíràn kò sì wọlé mọ́. Pákó ti wú, wọ́n ti sún mọ́ra wọn, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè gba àárín wọn kọjá. Ọkọ̀ náà dìde. Wọ́n fi okùn fa òpó ìgbòkun rẹ̀ sókè, ó gba ihò òrùlé yàrá kọjá, ó sì fìdí lélẹ̀ lórí igi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fi ọwọ́ ara mi di ìgbòkun mọ́ ọn.

Ìyá Àgbà ní òun kò wọ̀ ọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi kan létí omi, ó kọjú sí wa. Àwa méjì la jọ lọ.

N kò mọ̀ pé ó máa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ariwo, omi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ pákó. Ìgbòkun náà gba afẹ́fẹ́ sínú, ó yọ ikùn, mo sì ń wo ojú ìrán mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó ya. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ kan fẹ́ láti ìhà òkè, ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́, mo figbe ta, mo di igi ìdìmú mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Má bẹ̀rù. Òjé ti gbà á," ni ó wí.

Lóòótọ́, ó dẹ̀gbẹ́ dé ibì kan, kò sì kọjá ibẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó fi èjìká kan ti omi, títí ẹ̀rù fi kúrò lára mi. A kọjá láàárín àwọn òkú igi náà. Etí omi ti jìnnà. Mo rí Ìyá Àgbà lọ́ọ̀ọ́kán bí àmì kékeré kan.

"Ìyàwó," ni ó wí. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò. "Ibùsùn méjì ló wà nísàlẹ̀."

"Mo ti rí i."

"Èmi kì í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ lọ síbì kan; odò yìí, wọ́n ti sé e, kò síbi tí mo lè gbà lọ mọ́. Bí o bá fẹ́, a ó lọ bá àwọn àgbà, a ó sì lọ bá Fádà."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí igi ìtọ́kọ̀, mo wo omi, mo wo ẹ̀yìn ọrùn yẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ délé," ni mo wí níkẹyìn.

"Ó dáa."

Ó yí ọkọ̀ padà.

Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi ní Lomé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Màámá, ṣé inú ọkọ̀ omi lẹ fẹ́ lọ máa gbé ni?"

"N kò tíì sọ pé mo fẹ́."

"Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo ti ń sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ló dá páropáro fún yín..."

"Ilé kò dá fún mi," ni mo wí. Mo sọ ọ́ kíákíá jù.

Mo ń ronú sí i ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá Àgbà, tí mo rò pé yóò bínú, wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àgékù aṣọ sápá kan. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Èmi kàn fẹ́ kí wọ́n béèrè bí ó ti yẹ ni. Èmi náà ni yóò kù nílé yìí." Ó dìde, ó lọ. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ìyọ̀ǹda ni ó fún mi, tàbí ó ń bẹ̀ mí pé kí n má lọ.

Ní àkókò àwẹ̀ Lẹ́ǹtì, àwọn apẹja fi ọ̀kadà, tí a ń pè ní sẹ́míjàn níhìn-ín, gbé àbúrò ọkọ mi wá sílé. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Ó ti rù. Adágún ti fà, ó ní, òun sì ti ní láti wa ọkọ̀ lọ sí àárín gbùngbùn ibi tí odò ń gbà tẹ́lẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, kò lè sún mọ́ ilẹ̀ bíi ti ọkọ̀ pẹrẹsẹ àwọn apẹja. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ti wà níbẹ̀ láìrí ẹnikẹ́ni kí ibà tó kọlù ú. Mo tọ́jú rẹ̀. Mo se ògì, mo fún un ní oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó jókòó, ó lè mu ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò ní í sọ ọ́ mọ́.

"Ọkọ mi," ni mo wí, "ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹ kò fi rí ẹnikẹ́ni yẹn, ṣé ó ni yín lára?"

Ó ronú. "Rárá," ni ó wí. Olóòótọ́ ènìyàn ni.

"Èmi, yóò ni mí lára. Mo ti wà pẹ̀lú ọkọ kan láàárín ariwo, láàárín àwọn ọmọ iléèwé àti àlejò. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ohùn èèyàn lójú títì. Bí mo bá lọ gbé inú tiyín, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní í rí ojú ọ̀nà jáde."

Ó mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó sì gbé abọ́ fún mi.

"Mo gbọ́, ìyàwó," ni ó wí. "O ṣé tí o sọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló padà sí Nangbéto. Mo sin ín dé ìdí ọ̀kadà. N kò sunkún lójú títì. Nígbà tí mo dé inú ilé, mo se ọbẹ̀, ó sì tó ènìyàn mẹ́ta.

Ó ti di ọdún mélòó kan báyìí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, mo máa ń lọ yẹ ìgbòkun náà wò. Oòrùn ibẹ̀ ń jẹ òwú ju eku lọ. A máa tẹ́ ẹ sórí koríko létí omi, òun ní igun kan, èmi ní igun kejì. Á sun ẹja. A máa sọ̀rọ̀ nípa aṣọ, nípa eegun tó ń ro Ìyá Àgbà, nípa bí omi ṣe pọ̀ tó. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo wọ inú ọkọ̀ láti lọ mú ìda. Iṣu ló kó sórí ibùsùn kejì, iṣu àti àwọ̀n àti okùn, ó tò wọ́n dáadáa, ó sì ta aṣọ líle náà sókè kí wọ́n má baà yí bọ́. Mo dúró wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú ìda, mo jáde.

N kò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dára. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ àfi ẹni tó wá gba aṣọ, tí mo sì ń bi ara mi pé ìdákẹ́jẹ́ wo ni mo sá fún gan-an. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí òpópónà kún, tí àwọn ọmọ iléèwé ń kígbe kí mi, tí mo sì mọ̀ pé n kì bá ti lè gbé lórí omi yẹn fún oṣù kan.

Lọ́dún yìí, n kò tíì lọ. Òjò ṣì ń rọ̀ lórí òkè, ọ̀nà kò dára. Ìyàwó apẹja tó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá sí ọjà yà lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọkùnrin orí omi béèrè bóyá ara mi le. Mo ní kí ó sọ fún un pé ara mi le. Ó ní ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí òun máa bá mi sọ. Mo ronú sí i. Mo fún un ní róòlù òwú kan tí mo ti fi ìda pa, mo ní kí ó fún un, kí ó tọ́jú rẹ̀ dè mí.